Síwíìṣì Ìkọ̀kọ̀ Inú Ọkọ̀ Aládùúgbò Wa

Ẹ jẹ́ kí a dìde kí ọkùnrin tó ní síwíìṣì ìkọ̀kọ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni ńlá ni. Iná ilé rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń mú un lọ nígbà tó bá wù wọ́n, owó oṣù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ilé tó ń gbé wà lọ́wọ́ onílé, ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nǹkan kékeré kan wà, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ ibi tó wà. Bó bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ di òkúta. Bó bá gbé e sókè, ọkọ̀ rẹ̀ jí. Ọkọ̀ náà lè jẹ́ tòkunbọ̀ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣí láti inú, tí olè tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní wò lẹ́ẹ̀mejì. Kò ṣe nǹkan kan. Bí àwa yòókù bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ń jí ọkọ̀, òun á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá." Bí ẹ bá béèrè ìdí, á wo òrùlé. Àṣírí ìjọba kò tó tirẹ̀.

Aládùúgbò wa kan ní irú síwíìṣì bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí bárékè nígbà náà, àwọn alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba, kálukú sì ń sọ tẹnu rẹ̀ bó ṣe wù ú. Mo ń gbé nínú ọgbà onílé mẹ́rin kan ní Agége, lẹ́yìn ojú irin. Bí atẹ́gùn bá gba ọ̀dọ̀ wa láàárọ̀, a máa ń gbóòórùn bisikíìtì láti àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lápá Ìkẹjà. Mo ti jáde yunifásítì, mo ń kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn, mo ń fi agbádá àwọn olóṣèlú tuntun ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò ní ọkọ̀. Èyí jẹ́ kí n ráàyè rí gbogbo àléébù àwọn tó ní in.

Ọkùnrin tí mò ń wí yìí ń gbé ìsàlẹ̀, èmi ń gbé òkè. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, súpáfáísọ̀ nílé iṣẹ́ bisikíìtì kan. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Èkìtì, jẹ́ tíṣà. Gbogbo wa ń pè wọ́n ní Dádì àti Mọ́mì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ń pè wọ́n, àwọn fúnra wọn náà sì ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Dádì bá ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọlé, kì í sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á jókòó síbẹ̀ bí ìṣẹ́jú méjì, á tẹ orí ba. A rò pé àdúrà ló ń gbà. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá rò bẹ́ẹ̀.

Ọmọ wọn ti pé ọdún méjìdínlógún. Ó ti ṣe ìdánwò ìwọlé yunifásítì lẹ́ẹ̀kan, máàkì rẹ̀ kò pé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tún fẹ́ ṣe é, bàbá rẹ̀ sì ti sọ níwájú gbogbo ọgbà pé tí kò bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, òun á fi í sídìí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di bisikíìtì sínú páálí. Ọmọ náà ti bá bàbá rẹ̀ débẹ̀ rí. Ó sọ fún mi pé àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń dìde dúró láti àárọ̀ dalẹ́, àti pé òórùn tó dùn mọ́ wa nílé, ó ń kọ́ni lọ́fun níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti pa ìwé dé.

Ìdánwò bọ́ sí àárọ̀ Sátidé, aago mẹ́jọ, nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkẹjà. Wọ́n ti kọ ọ́ sórí káàdì rẹ̀ pé bí aago mẹ́jọ bá ti lù, wọn á ti géètì, wọn ò sì ní ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Dádì gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ló sì máa ń wá gbé e ní aago márùn-ún ààbọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Nítorí náà, ó yọ̀ǹda ọkọ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ó fi gbogbo ọ̀sán Fúráìdé fọ̀ ọ́. Ó rọ epo sí i. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ kalẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ọkọ̀ ló wà nílẹ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ti ilé mi gun ọ̀kadà lọ ṣèdánwò."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, ó ti jókòó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì.

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀, Mọ́mì yí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo iná iwájú dírẹ́bà tàn pupa, ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Kò sí ìró kankan. Ó tún yí i. Ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ mí.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni bàbá tó ń gbé yàrá iwájú, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ó jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Kò dáhùn rárá, sà."

"Bátìrì ni. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ti mọ bí ọkùnrin ṣe ń dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí. Ó ká ọwọ́ lẹ́yìn, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìka kan kan wáyà tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ó wá mí kanlẹ̀. Àwa mẹ́ta la dúró bẹ́ẹ̀: bàbá rélùwéè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, àti èmi.

"Ẹ pa gbogbo ẹ̀," ni oníkọ̀ǹpútà wí. "Ẹ ka ogún, kí ẹ tó tún un tàn. Kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí."

"Torí pé ò ń ta kọ̀ǹpútà ni," ni bàbá rélùwéè dá a lóhùn. "Ká ní ẹja lò ń tà ni, o ò bá ní ẹja ni."

"Bàbá, kì í ṣe rélùwéè nìyí o. Kò sí ibi tí a máa kó èédú sí."

Èmi náà mú ìmọ̀ tèmi wá. Mo ní, "Iná kò kọjá ni. Sẹ́kíìtì ti já níbì kan."

"Níbo, Ọ̀mọ̀wé?" ni bàbá rélùwéè bi mí.

"Mo ní níbì kan."

"Ibì kan náà ni gbogbo wa ń wá láti àárọ̀," ni oníkọ̀ǹpútà wí.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé òótọ́ ni mo sọ. Sẹ́kíìtì já lóòótọ́, ẹnì kan ló fọwọ́ já a. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí mo sọ kò wúlò ju irọ́ lọ, torí kí n lè gbẹnu sọ nǹkan ni mo ṣe sọ ọ́.

Bàbá rélùwéè ní kí Mọ́mì fọn fèrè. Fèrè náà ké tó bẹ́ẹ̀ tí ajá òpópónà kejì fi dáhùn. A tan iná iwájú ọkọ̀, ó tàn sára ògiri bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Bàbá ṣì ní bátìrì ni. Ó ní fèrè kò nílò agbára púpọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá, kí á fi fọ orí bátìrì. Omi tí ọmọ náà fẹ́ fi mu tíì ló wà lórí sítóòfù. Orí bátìrì la dà á sí.

Ọmọ náà jókòó sẹ́yìn nínú ọkọ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Ó kó káàdì rẹ̀, pẹ́ńsù méjì àti ìparẹ́ sínú ọ̀rá funfun kan, ó gbé e lé itan. Ó yọjú láti fèrèsé.

"Mọ́mì, ṣé kí n máa lọ?"

"Dúró díẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ rí i."

Àwa tí a ti fẹ́ rí i wo ara wa. Bàbá rélùwéè ní ìjọba tiwa-n-tiwa la wà báyìí, kí oníkálùkù sọ tirẹ̀ láìsí ìjà. Oníkọ̀ǹpútà wá dábàá pé kí á ti ọkọ̀ náà. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ títì. Mo sì sọ ọ́. Lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ tán, mo bá wọn tì í, kí wọ́n má baà ní mò ń gbéra ga. A tì í dé ẹnu géètì, ó dúró síbẹ̀, ó dí ọ̀nà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ jáde ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn.

"Mọ́mì, ṣé kí n máa lọ?"

Aago méje ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo wo ojú ìyá rẹ̀, mo rí i pé ó fẹ́ sunkún, ìtìjú ni kò jẹ́ kó sun ún. Ó ń tún kọ́kọ́rọ́ náà yí, ó ń yí i bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó jẹ́ kí n sáré lọ bá Dádì níbi iṣẹ́, bóyá ọkọ̀ náà ní ìwà kan tí òun nìkan mọ̀.

"Ọlọ́run á bù kún yín," ni Mọ́mì wí.

Mo fi ẹ̀gbẹ́ rìn jáde. Ọlọ́kadà kan ṣoṣo ló wà níta, àárọ̀ Sátidé ni.

"Níbo, ẹ̀gbọ́n?"

"Ìkẹjà. Jọ̀ọ́, yára."

Bí mo ṣe ń gun ọ̀kadà náà, ọmọ náà ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì pẹ̀lú ọ̀rá funfun rẹ̀, ó ń wò mí. Mo ju ọwọ́ sí i. Mo ní kó má bẹ̀rù. Kò ju ọwọ́ padà.

Ara mi yá gágá lójú ọ̀nà. Mo rí ara mi bí ẹni tó gbé nǹkan pàtàkì lọ́wọ́. A kọjá ọjà, a gba ojú ọ̀nà ńlá, nígbà tó ṣe, ọlọ́kadà dẹwọ́ eré nítorí àwọn ọmọ kan ń kọjá títì. Àwọn ọmọ náà pọ̀. Ọ̀rá funfun wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn. Wọ́n ń wọ géètì ilé ẹ̀kọ́ girama kan.

"Ìdánwò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ yẹn lónìí," ni ọlọ́kadà wí. "Ọmọ mẹ́ta ni mo ti gbé wá síbẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Ilé iṣẹ́ Dádì wà níwájú díẹ̀, lójú ọ̀nà kan náà. Èmi tí mo ka físíìsì gba kírẹ́díìtì, tí mo gboyè jáde, mo ti gun ọ̀kadà kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò wá sí ẹnu ọ̀nà ibi tí ọmọ yẹn ń lọ, mo sì fi ọmọ náà sílẹ̀ nídìí ọkọ̀ tó kú. Mo lè ní kí ọlọ́kadà yí padà. Bóyá àkókò á ṣì tó. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí pé màá mú ìdáhùn wálé, mo sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó mú un wá. Mo ní kó máa lọ.

Géètìmáànù ilé iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sínú. Dádì jáde ní kóòtù funfun, nẹ́ẹ̀tì bo orí rẹ̀, ìyẹ̀fun wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà. Ọkọ̀ ni. Kò sítáàtì."

Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Mo ti rí ojú bẹ́ẹ̀ lára ẹni tó rántí pé òun gbé ìkòkò sórí iná kó tó jáde. Ó wo géètìmáànù, ó wo ọlọ́kadà. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀bá gọ́tà.

"Síwíìṣì kan wà," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Níbo?"

Ó tún wẹ̀yìn. "O ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Dádì, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún."

"Lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Lápá òsì ìjókòó dírẹ́bà. Ẹ gbé e sókè."

"Ṣé Mọ́mì kò mọ̀ ni?"

Ó bọ́ nẹ́ẹ̀tì lórí, ó ń lọ́ ọ láàárín ìka rẹ̀. "Tí mo bá sọ fún un, kì í ṣe àṣírí mọ́."

Kò padà wọlé lọ tọrọ àyè. Ó gun ọ̀kadà lẹ́yìn mi, kóòtù rẹ̀ ń fẹ́ bí àṣíá, ìyẹ̀fun ara rẹ̀ sì ń kù sí mi lọ́rùn. Bí a ṣe tún kọjá níwájú ilé ẹ̀kọ́ yẹn, àwọn ọmọ ti wọlé tán. Géètìmáànù ibẹ̀ ti fọwọ́ lé irin géètì. Dádì rí i. Ó fi orí lé mi lẹ́yìn.

Nígbà tí a délé, ọmọ kò sí níbẹ̀, ìyá rẹ̀ náà kò sí níbẹ̀. Bàbá rélùwéè ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wa, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i. Ó ní bí mo ṣe lọ ni ọkọ̀ búrẹ́dì dé, èyí tó máa ń já búrẹ́dì fún ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́ọ̀ọ́kán wa. Gbogbo wa mọ ọkọ̀ náà. Kò ní kọ́kọ́rọ́. Dírẹ́bà rẹ̀ máa ń ki ọwọ́ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fi irin tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tù kan ojú wáyà méjì pọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì bú ramúramù. Ẹnikẹ́ni ló lè jí ọkọ̀ yẹn gbé. Kò sẹ́ni tó jí i rí.

Dírẹ́bà náà ní kí Mọ́mì yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ́tí.

"Bátìrì yín dára, Mọ́mì. Tí bátìrì bá ti kú, iná yìí á wọlẹ̀ bí ẹ ṣe ń yí i. Tó bá jẹ́ kíkì tó ń jí ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́, ẹ máa gbọ́ kí nǹkan kan dún kọ́ nísàlẹ̀. Èyí kò sọ nǹkan kan rárá. Wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀ ni." Ó nu ọwọ́. "Ṣé ọkọ yín máa ń bẹ̀rù olè?"

Bàbá rélùwéè ní Mọ́mì kàn wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ rìn. Kò béèrè lọ́tẹ̀ yìí bóyá kí òun máa lọ. Ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn gba ẹnu géètì, ó wọ iwájú ọkọ̀ búrẹ́dì, ó jókòó. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, pẹ̀lú sílípáàsì ilé lẹ́sẹ̀.

Dádì dúró nídìí ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá rélùwéè, oníkọ̀ǹpútà, èmi àti ọlọ́kadà dúró yí i ká. Gbogbo wa ti mọ̀ pé síwíìṣì kan wà. Síbẹ̀, kò wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ kọjú sí fẹ́ǹsì."

Àwa àgbà ọkùnrin mẹ́rin kọjú sí fẹ́ǹsì. Mo ṣì rántí bulọ́ọ̀kù tí mo ń wò, ewéko kékeré kan hù lára rẹ̀. A gbọ́ tí nǹkan kan dún ta. Lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń rọra kùn bí ológbò. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dádì pa á, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú kóòtù funfun rẹ̀, kò kúrò níbẹ̀ títí di ọ̀sán.

Wọ́n dé ní nǹkan bí aago méjìlá. Ojú ọmọ náà pọ́n, èérún búrẹ́dì wà lára yẹ̀rì rẹ̀. Ó ti wọlé. Wọ́n ti fẹ́ ti géètì nígbà tí ọkọ̀ búrẹ́dì dé, géètìmáànù sì wo sílípáàsì ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ara tirẹ̀ dá géètì dúró. Ọmọ náà kọjá wa, ó wọlé lọ sùn.

Mọ́mì dúró níwájú ọkọ rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè.

"Ọdún mọ́kàndínlógún la ti jọ ń gbé," ló wí. "Olè wo lẹ ń fi í pamọ́ fún?"

"Kì í ṣe ìwọ."

"Ta wá ni?"

Dádì dìde. "Wá, jẹ́ kí n fi ibẹ̀ hàn ọ́."

"Mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n mọ́," ni Mọ́mì wí. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọlé.

Èsì ìdánwò jáde lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ọmọ náà wọlé. Kì í ṣe iṣẹ́ apòògùn tó fẹ́ ni wọ́n fún un, ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni, ṣùgbọ́n kò lọ di bisikíìtì. Dádì ní tirẹ̀ pe àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìdánwò yẹn, wọ́n sì gbé síwíìṣì náà kúrò níbi tó wà lọ sí ibòmíràn, nítorí gbogbo ọgbà ti mọ̀ ọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi jókòó sínú ọkọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó sọ ibi tuntun náà fún ìyàwó rẹ̀. Mọ́mì kò tún wa ọkọ̀ náà mọ́ títí mo fi kó kúrò níbẹ̀.

Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn nígbà náà, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti bàbá rélùwéè, mo sọ ti oníkọ̀ǹpútà, mo sọ ti fẹ́ǹsì. Mi ò sọ ti ọ̀kadà.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, èmi náà ra ọkọ̀. Mo ti gbéyàwó, mo ti kó lọ sí Onígbòǹgbò. Ọkùnrin tó ń bá mi tún wáyà rẹ̀ ṣe bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé ká fi síwíìṣì sí i?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ ìtàn Dádì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń ká wáyà rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ.

Mo ní, "Níbo lẹ máa ń fi í sí?"

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń gbọn eérú sìgá sí ló fi tèmi sí. Mi ò mu sìgá rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyàwó mi ti yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn tí kò dáhùn, tó pè mí jáde pé kí n wá wò ó. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ká ọwọ́ lẹ́yìn, mo tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo sọ fún un pé bátìrì ni.